Gèlè tó kúrò lórí okùn: àkọsílẹ̀ ọ̀ràn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan ní Àjàṣẹ́

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. A hun ún pọ̀ láti ara àwọn tó jọra wọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), kí ẹnikẹ́ni má baà máa nàka sí ilé onílé. Ẹni tó bá ti bá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ jókòó rí yóò dá wákàtí, iye owó àti àṣìṣe inú rẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn Iléyá, ìyá ọmọ náà fọ aṣọ, ó sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé: ìró méjì, bùbá méjì, gèlè aláwọ̀ ewé kan tó ti ń wé bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó fi máa kó aṣọ nírọ̀lẹ́, gèlè ò sí níbẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ò jà lọ́jọ́ náà. Pẹ́ẹ̀gì méjèèjì tó fi há gèlè wà lórí okùn, wọ́n há a padà sórí okùn lásán. Olè aṣọ kì í ráyè há pẹ́ẹ̀gì padà. Ibi tí ara ti fu ìyá nìyẹn.

Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ìwọ lo mú gèlè mi?"

"Rárá o, ìyá mi."

Ọjọ́ kẹta ló rí i nínú àpò tí ọmọ máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ àlòkù aṣọ. Wọ́n ká a mọ́ inú ọ̀rá dúdú, ìwé pélébé kan sì wà láàárín rẹ̀. Orúkọ ìyá ló wà lára ìwé náà, orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ tó bí.

Irú ọmọ tó jẹ́

Ọmọ ọdún 19 ni, ọdún kẹta rẹ̀ rè é lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ pátírọ́ọ̀nù (ọ̀gá iṣẹ́) kan nítòsí ọjà Ouando. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ta àkàsà. Agbo ilé wọn rí bí ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Àjàṣẹ́: mùsùlùmí ń gbé níbẹ̀, ìdílé kan tó ń wọ sùtánà funfun lọ sí Ìjọ Mímọ́ ń gbé níbẹ̀ (ìlú yìí sáà ni Oshoffa ti dá ìjọ ọ̀hún sílẹ̀ ní 1947), bàbá àgbà kan tó jẹ́ babaláwo sì ni yàrá iwájú. Ọmọ náà ka Àlùkùránì dé ìdajì kó tó kúrò nílé kéwú lọ́mọ ọdún 16, nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́. Ó gba àwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún yẹn pé. Kò mu sìgá, kò fẹnu kan ọtí sódabì.

A ń ka èyí sílẹ̀ torí pé ohun tí ẹbí kọ́kọ́ sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ ni pé ọmọ náà ti bàjẹ́ látilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní wá ibi tí ògiri ti lanu, bẹ́ẹ̀ aláǹgbá ò ní yéé wọlé.

Láàárín ìtúnu àwẹ̀ àti Iléyá

Ọdún ló ń darí iṣẹ́ aránṣọ. Bí ìtúnu àwẹ̀ bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù kì í tì títí di òru. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣínu nídìí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń ráyè lọ kí ìrun àṣàmù. Ọdún á dé, aṣọ á tán, ilẹ̀ á wá pa rọ́rọ́. Láti ìtúnu àwẹ̀ dé Iléyá jẹ́ nǹkan bí 70 ọjọ́, iṣẹ́ kì í sì í wọlé dáadáa nínú oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọ̀gá á lọ sí ọ̀nà ara rẹ̀ láago mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó ti ẹ̀rọ tí kò rí aṣọ rán, fóònù á wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ẹ̀gbọ́n kan yọ. Wọ́n jọ lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà, ó fi ọdún mẹ́rin ju ọmọ náà lọ. Ó gbé bàsẹ́ǹ yáàdì mẹ́fà wá fún rírán, kò ná owó iṣẹ́, ó san 12,000 ṣéfà lójú ẹsẹ̀, ó tún fi 2,000 sọ́wọ́ ọmọ. Nígbà kejì, ó wá kí i lásán. Nígbà kẹta, ó jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì, ojú fóònù ọmọ fọ́. Ó yá a ní 15,000.

"Àbúrò, ìgbà tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn ni kó o san án."

Kò dá ọjọ́. Àwọn òbí máa ń bi wá pé èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí àwọn ti fura sí. Gbèsè tí kò lọ́jọ́ yìí ni. Ẹni tó ń jẹ gbèsè aláánú kì í lè bá aláánú jiyàn, kì í sì í lè dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Ìrun Alásárì ló kọ́kọ́ bọ́. Bí ọmọ bá ti ń wá omi àlùwàlá, ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín pé, "Alùfáà kékeré! Ṣé Ọlọ́run ò ní dúró dè ẹ́ ni?" Kò bú ẹ̀sìn rẹ̀, kò ní kó má kírun. Ìbá bú u, ọmọ ìbá bá a jà. Ẹ̀rín ló ṣòro láti dá lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ ti ń kó Alásárì pọ̀ mọ́ Màgàríbà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Màgàríbà náà ti ń lọ. Ìyá ò mọ̀. Nílé, Àsùbáà àti Ìṣáì kò yẹ̀, wọ́n jọ ń kí i ni. Ìta ni ìrun ti ń jò.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wá béèrè ohun tó bá wá látìbẹ̀rẹ̀: "Orúkọ ẹ nìkan ni mo fẹ́ yá. Nọ́ńbà tèmi ti kún. Owó á wọlé, wàá yọ ọ́, wàá yọ ìdá mẹ́wàá tìẹ, ó parí. Má wulẹ̀ dààmú màmá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí."

Ọmọ fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ ra SIM tuntun, ó ṣí àkáǹtì owó orí fóònù sórí rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn gáíman, irú àwọn tí ará Nàìjíríà ń pè ní ọmọ Yahoo, kì í gba owó sórí orúkọ ara wọn. Wọ́n á bá ẹnì kan ní Faransé sọ̀rọ̀ pé àwọn yóò yá a lówó, kó kọ́kọ́ san owó ìwé. Tàbí kí wọ́n gbé àwòrán alùpùpù tí kò sí níbì kankan síta, kí wọ́n gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Owó náà á gba orí nọ́ńbà méjì mẹ́ta kó tó dọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì bá ké gbàjarè, orúkọ tó wà lórí nọ́ńbà ni àwọn òṣìṣẹ́ CNIN, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọpa jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, máa kọ́kọ́ rí. Òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, èyí tí à ń pè ní Code du numérique, wà lórí ọ̀rọ̀ náà. CRIET, ilé ẹjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, níwájú èyí tí wọ́n ti ń gbé àwọn gáíman lọ, kò sì jìnnà: Àjàṣẹ́ níbí ni. Ọmọ tó rò pé orúkọ lásán lòun yá ẹni, iwájú ló fi ara rẹ̀ sí.

Owó wọlé lẹ́ẹ̀mẹfà: 45,000, 120,000, 60,000, 210,000, 187,000, 120,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 742,000 ṣéfà. Tirẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ 74,200.

Bí Iléyá ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, owó ò wọlé mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀nà ti tutù, ó yẹ kí wọ́n fi kínínsì, oògùn owó àwọn gáíman, mú un gbóná. Ó ní kí ọmọ mú ohun tí ìyá rẹ̀ ti lò mọ́ orí wá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ pé. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ 150,000, òun á bá a san án, á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kíyè sí i: gbèsè mìíràn ni, ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́. Ọmọ mú gèlè náà lórí okùn, ó kọ orúkọ, ó gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fi í jíṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ohun tó sọ ni pé gèlè náà ń rùn ewé àkàsà.

Bàbá babaláwo tó wà ní yàrá iwájú ló kọ́kọ́ tú u fún un pé wọ́n ń lu òun náà ní jìbìtì. "Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ òyìnbó, o rò pé o ò sí lára àwọn tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wọn?" Ó ní ẹni tó ní kéèyàn fi ìyá rẹ̀ wá owó, kì í ṣe ọmọ awo. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ létí ju ìwàásù tó tẹ̀ lé e lọ.

Ohun tó túbọ̀ bà á jẹ́

Àbúrò bàbá rẹ̀ dé láti Sèmè lọ́jọ́ kejì. Ó nà án. Ó ṣẹ́ SIM sí méjì, ó ti fóònù mọ́ inú àpótí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó lè bá a wí pé ó bínú. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. SIM tó ṣẹ́ kò yọ orúkọ ọmọ kúrò lórí nọ́ńbà. Àkáǹtì ṣì wà, 18,500 ṣì wà nínú rẹ̀. Fóònù tó wà nínú àpótí kò dí ẹnu ẹnikẹ́ni: ní oṣù kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ti so WhatsApp ọmọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ẹ̀rọ tí a bá so bẹ́ẹ̀ sì lè máa ṣiṣẹ́ tó ọjọ́ 14 láìjẹ́ pé fóònù wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ń ka ohun tí àwọn ìbátan ń kọ ránṣẹ́ sí ọmọ, ó ń mọ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi orúkọ ọmọ náà dáhùn. Wọ́n rò pé ọmọ náà ló ń parọ́, wọ́n tún nà án.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, èèyàn 13. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó fọwọ́ lé Àlùkùránì, kó búra pé òun ò ní bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó búra. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó sùn sọ́dọ̀ ẹni yẹn gan-an, torí pé ibẹ̀ nìkan ni ojú ò ti ń tì í. Ẹni tí wọ́n bá fi ipá mú búra nígbà tí kò tíì rí ibòmíràn lọ, ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni wọ́n ń fi kún tàkọ́kọ́ fún un. Wọ́n tún san 35,000 fún ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní alùfáà, fún omi ìgò mẹ́ta àti tírà. Omi tán lọ́jọ́ kẹsàn-án. Kò sí ohun tó yí padà, àfi àjọ ìyá tó dín kù.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, a sì ń bá a pàdé dáadáa láàárín àwọn tó ti ka kéwú díẹ̀. Ó ti gbọ́ hádíìsì tí Muslim gbà wá, pé ẹni tó bá lọ bá aríran tó sì bi í ní nǹkan, ìrun 40 òru rẹ̀ kò ní ìtẹ́wọ́gbà. Ó rò ó pé, nígbà tó jẹ́ pé òun ti gbà láti lọ, kí lòun tún ń kírun sí? Ó wá fi Àsùbáà àti Ìṣáì náà sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ tipẹ́: ẹ̀san ìrun ni yóò pàdánù, ọ̀ranyàn rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ máa ń fi í ṣe ilẹ̀kùn àbájáde.

Ìwé tí wọ́n fi ń gé aṣọ

Ìpàdé kejì ò ju èèyàn mẹ́rin lọ: ìyá, pátírọ́ọ̀nù, ààfáà tó kọ́ ọmọ náà ní kéwú ní kékeré, àti ọmọ fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ààfáà ò wàásù. Ó ní kí pátírọ́ọ̀nù mú ìwé pupa tí wọ́n fi ń gé aṣọ wá, kí ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi rúlà fa ìlà kan, ó pín in sí wákàtí láti Àsùbáà dé ìgbà tí ọmọ ń sùn. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì fún ọmọ: "Fi hàn mí ibi tó máa ń wà." Ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì kun láti aago mẹ́rin dé aago méje àbọ̀, Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tún kun ọ̀sán Sátidé. Kò sí ṣọ́ọ̀kì níbòmíràn. Pátírọ́ọ̀nù wo ìwé náà, ó dákẹ́, nítorí pé aago mẹ́rin ni òun máa ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Ọ̀nà ìtọ́jú jáde láti inú ìwé yẹn. Wọn ò fi kún iye wákàtí tí ọmọ ń jọ́sìn. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n dí. Pátírọ́ọ̀nù gbà láti máa dúró di Màgàríbà, àwọn méjèèjì á jọ máa lọ kí Alásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìkòríta. Ó ya iṣẹ́ ìparí aṣọ sọ́tọ̀ fún un, bọ́tìnnì àti ọrùn agbádá tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe, 500 ṣéfà lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ rẹ̀ má dilẹ̀, kó sì ní owó tó lè fẹnu sọ ibi tó ti wá. Lẹ́yìn Ìṣáì, ìwọ̀nba ìdajì ojú ewé Àlùkùránì, láti Súrátù Nási gòkè, pẹ̀lú ohùn tó ń jáde sókè kí ìyá lè gbọ́ ọ. Ààfáà kọ̀ nígbà tí ìyá ní kó jẹ́ ojú ewé márùn-ún. Ó ní ẹrù tó bá pọ̀ jù lọ́jọ́ kìíní, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n máa ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní ti ìbúra tó já, ìtánràn rẹ̀ wà nínú Súrátù Máídà, áyà 89: bíbọ́ tálákà mẹ́wàá tàbí dídáṣọ fún wọn tàbí ìdásílẹ̀ ẹrú, ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀ á gba àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n bọ́ èèyàn mẹ́wàá, àkàsà ìyá ni. Ọmọ ló gbé e kiri.

Gbèsè 15,000 tún wà. Pátírọ́ọ̀nù ní òun ò lè gbà kí wọ́n san owó fún ọ̀bàyéjẹ́. Ìyá ló ní kí wọ́n san án, èrò tiwa náà sì nìyẹn: níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá wà, ìwé ìwọlé ẹ̀gbọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n san án ní gbangba, ẹlẹ́rìí méjì jókòó, ẹ̀gbọ́n sì bu ọwọ́ lu ìwé pé òun ti gbà á tán.

Agbẹjọ́rò ni wọ́n lọ bá kí wọ́n tó fọwọ́ kan fóònù. Kí ẹlòmíràn kọ́ èyí lọ́wọ́ wọn, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó ronú. Ó ní kí wọ́n má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan 18,500. Wọ́n lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n ka gbogbo nọ́ńbà tó wà lórúkọ rẹ̀, wọ́n gba SIM mìíràn dípò èyí tó ṣẹ́, wọ́n sì gba ìwé àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ìwé yẹn ló fi hàn pé gbogbo owó tó wọlé ń jáde lọ sí nọ́ńbà kan náà láàárín wákàtí kan, tí ìdá mẹ́wàá nìkan ń kù. Lórí WhatsApp, wọ́n ya àwòrán ibi tó ń fi ẹ̀rọ tó so mọ́ nọ́ńbà hàn, wọ́n já kọ̀ǹpútà yẹn kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí onídíjíìtì mẹ́fà sí i, wọ́n sì yí ibi Groupes lábẹ́ Confidentialité sí Mes contacts, kí àlejò má lè fà á wọ ẹgbẹ́ kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù náà dọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Fóònù títẹ̀ tó ní tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n rà fún ọmọ.

Kétu

Ààfáà ló mú hádíìsì ọkùnrin tó pa èèyàn 99 wá, èyí tó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim. Onímọ̀ tí ọkùnrin náà lọ bá ní ọ̀nà ìrònúpìwàdà ṣí sílẹ̀, àmọ́ kó kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sin Ọlọ́hun, kó má padà. Ìyá ní kí wọ́n mú ọmọ lọ sí Èkó, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Ààfáà ní ẹni tó bá ń sá fún òjò kì í sá lọ sínú odò. Kétu ni wọ́n mú un lọ, ó ju 100 kìlómítà lọ láti Àjàṣẹ́, lọ́nà Ìpóbẹ́, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń dá oko. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n dá. Àkókò ìkórè àgbàdo ni.

Ẹni tó bá dé Kétu á rí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnu odi ìlú àtijọ́. Dahomey run ìlú náà ní 1886. Ìsàgatì àti ebi ló rọ àwọn tó wà nínú odi. Àbúrò ìyá rẹ̀ mú un lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, kó tó mú un lọ kí Jímọ̀. Kò fi í pa òwe fún un. Ó kàn ní kó wò ó bí wọ́n ṣe mọ ọ́n nípọn tó.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Iṣẹ́ oko ń mú un sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìkórè dín kù, àyè ọ̀sán ṣí sílẹ̀ bíi ti Ṣáwálì, oṣù tó tẹ̀ lé Ràmàdáánì. Ó yá fóònù ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gba gbogbo nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gba èyí tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: "Ẹ má bínú o, mo pè é."

Àbúrò ìyá ò pariwo. Ó béèrè ohun mẹ́ta: aago mélòó ni, kí ló ń ṣe kó tó pè, kí ni ẹni yẹn sọ. Aago márùn-ún ni. Kò ṣe nǹkan kan. Ẹni yẹn ní, "Àbúrò, àárò ẹ ń sọ mí." Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọmọ náà ò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi kọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é ní oore. Gbogbo ènìyàn ní kó kọ̀. Kò sẹ́ni tó fi bó ṣe máa sọ ọ́ kọ́ ọ. Wọ́n wá gbólóhùn kan tí kò ní ìbínú, tí kò ní àlàyé, tí kò sì ní ìlérí pé yóò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí, torí agbẹjọ́rò ti kìlọ̀ ìyẹn: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti jáwọ́. Ẹ má pè mí mọ́." Àbúrò ìyá á di ẹ̀gbọ́n, á máa rẹ́rìn-ín, á máa pè é ní alùfáà kékeré, ọmọ á dáhùn. Wọ́n ṣe é bíi bí wọ́n ṣe ń há Àlùkùránì sórí, lóròòru, títí ohùn ọmọ ò fi gbọ̀n mọ́.

Hádíìsì tí wọ́n máa ń kà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, ti ẹni tó ń ta mísíkì àti ẹni tó ń fẹ́ ẹwìrì, à ń kà á bí ẹni pé ìkìlọ̀ nìkan ni. Ìdajì rẹ̀ ni ti ẹlẹ́wìrì, tó lè jó ọ láṣọ tàbí kó o gbóòórùn burúkú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdajì yòókù ni ti onímísíkì, pé bí kò bá fún ọ, bí o kò bá rà á, wàá gbóòórùn dídùn. Ìdílé tó bá gba ẹlẹ́wìrì lọ́wọ́ ọmọ, tí kò fi onímísíkì kankan rọ́pò rẹ̀, inú ihò ló fi ọmọ sí. Ní Kétu, ọmọ agbolé kan wà tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì jọ ń kí Alásárì. Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níkejì lórí fóònù títẹ̀ yẹn báyìí, lẹ́yìn ti ìyá.

Owó

Ó padà sí Àjàṣẹ́ nígbà tí 40 ọjọ́ pé. Ìrònúpìwàdà ní ohun mẹ́ta láàárín ẹni àti Ọlọ́hun: kó fi í sílẹ̀, kó kábàámọ̀, kó pinnu pé òun ò ní padà. Bí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì bá wà nínú rẹ̀, ìkẹrin ni kó dá a padà. Ìkẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò.

Nínú ẹni mẹ́fà tó fowó ránṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ hàn kedere nínú ìwé àkọsílẹ̀: ẹnì kan ní Parakou tó san 60,000 fún alùpùpù tí kò sí. Òótọ́ ni pé 6,000 péré ló kan ọmọ nínú rẹ̀. Odindi 60,000 ni wọ́n dá padà, láti ọwọ́ agbẹjọ́rò, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Ìyá mú 20,000 nínú àjọ, pátírọ́ọ̀nù yá a ní 40,000 tí yóò máa yọ nínú owó aṣọ. Èyí dá lọ́jọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku 68,200 tó wọ àpò rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀. Ààfáà ní kó máa fi í ṣe sàráà lórúkọ àwọn tó ni ín, kó má retí ẹ̀san rẹ̀ fún ara rẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì yọjú, kó san tirẹ̀ fún un. 2,000 ni lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó fi ṣọ́ọ̀kì kun gbẹ̀yìn. Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan wà nínú àpótí ẹ̀rọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú àti abẹ́rẹ́. Òun àti ìyá ló ń fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan, láago márùn-ún kọjá díẹ̀. Pátírọ́ọ̀nù wà nídìí ẹ̀rọ, kò gbójú sókè. Ọmọ sọ gbólóhùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alùfáà kékeré." Ọmọ tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ń bá bọ́tìnnì lọ.

Àwọn ọlọ́pàá ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò, wọn ò tíì pè é padà. Fóònù ńlá ṣì wà nínú àpò ìwé ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Ìlà kọkànlá ni wọ́n fọwọ́ sí ní Sátidé tó kọjá nínú ìwé kékeré yẹn: 22,000 ti jáde, ó ku 46,200.